Abẹ́ Igi Àgbálùmọ̀ Tí Wọn Kò Pè Mí Sí

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Akínyẹlé. Ògiri búlọ́ọ̀kù lásán ló pààlà sáàárín ẹ̀yìnkùlé mi àti ọgbà wọn, nítorí náà, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe tí kì í dé etí mi. Mo mọ ìgbà tí wọ́n ń lu agogo, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń jẹun, mo sì mọ orúkọ ọmọ tó máa ń pẹ́ lẹ́yìn jù lọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ariwo pè é. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo ti ń gbọ́ ohùn kan tí kì í jẹ́ kí n lè ṣa ẹ̀wà mi tán. Kì í ṣe igbe tí odindi kíláàsì máa ń ké pa pọ̀. Ohùn kéékèèké ni, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lápá kan, àwọn ọmọ ń pe "ba, be, bẹ, bi". Lápá kejì, àwọn mìíràn ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa omi kànga. Nídìí ògiri mi gan-an, ọmọbìnrin kan ń ka ìtàn, olùkọ́ sì ń dá a dúró, ó ń bi í pé, "Kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ báyìí?"

Ní ọjọ́ kan tí olùkọ́ náà wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn fa omi ní kànga mi, mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọdébìnrin ni, kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí.

"Mọ́mì, a kọ́kọ́ ní kí wọ́n kàwé fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan ni," ó dá mi lóhùn. "Ibi tí a bá bá kálukú ni a kọ sílẹ̀. Àwọn tó bá wà níbì kan náà, a kó wọn jọ, a sì ń kọ́ wọn láti ibẹ̀. Bó bá tún ṣe díẹ̀, a ó tún gbọ́ tiwọn, ká lè mọ ẹni tó ti kúrò níbi tó wà."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ohun tuntun hàn mí. Mo rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, owú àtijọ́ kan ru sókè láti inú mi wá sí ọ̀fun, ó sì korò lẹ́nu mi bí orógbó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ má rò pé àgbàlagbà kì í jowú. Owú tí mo ń sọ yìí bá mi ní kékeré, a sì jọ dàgbà ni.

Ìrókò ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìwé pọ̀ nílé wa ju àwo lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti jẹun tán, bàbá mi á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á ní kí n gbé Bíbélì wá, èmi náà á sì kà á bí omi tó ń ṣàn lórí àpáta. N kì í dúró mí. Bí àlejò bá wà nílé, bàbá mi á ní, "Ẹ jẹ́ kó kà fún yín," wọ́n á wá ká ọwọ́ gbera, wọ́n á máa mi orí. Àwọn àlejò á ní lọ́yà ni mo máa dà. Mo gbà wọ́n gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ orúkọ ara mi ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ ìwé kà tó mi nínú gbogbo ẹgbẹ́ mi.

Àṣàkẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi. Abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú ni wọ́n ń gbé, ọ̀nà oko ẹ̀gẹ́ ni à ń gbà débẹ̀. Òrìṣà Oko ni wọ́n ń bọ nílé wọn, bí ọdún rẹ̀ bá sì dé, Àṣàkẹ́ á bu iṣu tuntun fún mi lẹ́yìn ilé, èmi ọmọ díákónì á jẹ ẹ́ tán, n ó sì nu ẹnu mi dáadáa kí n tó wọlé. Kò sí igi tí Àṣàkẹ́ kò lè gùn. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n kò mọ ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nígbà náà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tètè mọ̀. Tíṣà á kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, á fi pàṣán tọ́ka sí i, gbogbo wa á sì máa kígbe tẹ̀ lé e. Nínú igbe yẹn, ẹni tó ń kàwé àti ẹni tó ń yanu lásán, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ. Àṣàkẹ́ ti di ọ̀gá nínú ẹnu yíya. Ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó lanu, kó lè gbọ́ ohun tí àwa yòókù bá pè, á wá fi tirẹ̀ tẹ̀ lé e bí gbohùngbohùn inú igbó. Ó fi bẹ́ẹ̀ dé kíláàsì kẹrin.

Kíláàsì kẹrin yẹn ni Mísì ti wá bá wa. Ọ̀gá àgbà máa ń pe orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Mísì ni àwa mọ̀ ọ́n sí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló ti ń bọ̀ tààrà. Ó máa ń di irun rẹ̀ ní ṣùkú, bàtà rẹ̀ kì í dún, òórùn páúdà rẹ̀ sì máa ń kù nínú kíláàsì lẹ́yìn tó bá ti jáde. Kò lo pàṣán. Ohùn rẹ̀ kò ga, ó sì di dandan kí gbogbo wa dákẹ́ ká tó lè gbọ́ ọ. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó parí, mo ti fi Mísì ṣe tèmi nínú ọkàn mi. Èmi kọ́ ni mo mọ ìwé jù? Ta ni ìbá tún fẹ́ràn?

Ní ọ̀sẹ̀ tó dé yẹn, kò kọ́ wa ní nǹkan kan. Ó gbé àga méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fún wa ní ìṣirò ṣe, ó wá ń pè wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Páálí kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà ló wà lókè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké tẹ̀ lé e, gbólóhùn tẹ̀ lé ìyẹn, ìtàn kúkúrú kan sì wà nísàlẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń kà, Mísì á máa sàmì sórí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Kì í sọ pé o gbà á, kì í sì í sọ pé o kùnà.

Nígbà tó kàn mí, mo ka gbogbo rẹ̀ tán láìmí. Mísì rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ṣeun. Lọ jókòó." Ó parí. Mo ti ń retí pé yóò ní kí n tún un kà, tàbí kó pe ọ̀gá àgbà wá gbọ́. Nígbà tó kan Àṣàkẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo parí ìṣirò mi, mo sì tún yọjú lójú fèrèsé. Mísì ti fa àga rẹ̀ mọ́ ti Àṣàkẹ́. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Mísì ń fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kan, ó ń rọra sọ̀rọ̀, Àṣàkẹ́ sì ń mi orí. Ohun kan ta mí láyà. N kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Mísì pín wa. Àwọn tíṣà tó kù máa ń pe ẹni tí kò mọ̀wé ní olódo, ṣùgbọ́n òun kò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Igi ló fi pín wa. Àwọn tí kò tíì mọ lẹ́tà wà lábẹ́ àgbálùmọ̀. Àwọn tó mọ lẹ́tà tí wọn kò lè so ó pọ̀ wà lábẹ́ máńgòrò. Àwọn tó lè ka ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí gbólóhùn ń kọ́ lẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ ọsàn. Àwa tí a ti ń ka ìtàn kò ní igi. Inú kíláàsì ni kí á jókòó sí, kí á máa kàwé jẹ́jẹ́. Mísì á máa lọ láti ìdí igi kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n ìdí àgbálùmọ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń pẹ́ jù.

Mo gbé ọwọ́ sókè, mo béèrè ìgbà tí yóò kàn wá.

"Ẹni tí ẹrù ń pa là ń kọ́kọ́ sọ̀," Mísì wí. "Ẹ̀yin ò tíì sọ pé ọrùn ń ro yín."

Ọrùn kò ro mí lóòótọ́. Ọkàn mi ni. Mo ń wo ìdí àgbálùmọ̀ láti ojú fèrèsé bí ẹni tí wọn kò fún ní ẹran níbi àsè. Mísì kó ìdérí ìgò jọ, ó fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa tò ó sórí yanrìn, wọ́n á máa so ó pọ̀. Ó máa ń di ọwọ́ Àṣàkẹ́ mú, wọ́n á jọ ya lẹ́tà sórí ilẹ̀. Ìgbà mìíràn, gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, èmi ò sì ní mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìgbà ọyẹ́ ni, àgbálùmọ̀ ti pọ́n, ó ń já bọ́ sáàárín wọn. Bó bá já, Mísì á ní kí ẹni tó bá mọ lẹ́tà tí orúkọ èso náà fi bẹ̀rẹ̀ mú un. Èmi tí mo lè kọ àgbálùmọ̀ tòun ti àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan jẹ.

Wọ́n máa ń ní "Òrìṣà, jẹ́ n pé méjì" kò dénú obìnrin. Mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni kí n tó mọ ohun tí orogún ń jẹ́.

Bí a bá jáde ilé ìwé, èmi àti Àṣàkẹ́ la jọ ń lọ dé oríta. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀rọ̀ ta ló bá ta jà la máa ń sọ. Ní báyìí, "Mísì ní" ló kù lẹ́nu rẹ̀. Mísì ní b àti p jọra létí ṣùgbọ́n ètè la fi ń mọ̀ wọ́n. Mísì ní kí òun máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí òun tó wò ó. Mo máa ń sọ pé mo ti mọ gbogbo ìyẹn tipẹ́. Àṣàkẹ́ á ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," inú rẹ̀ á sì dùn fún mi tọkàntọkàn. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí mi nínú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a lọ pọn omi lódò, kò sọ̀rọ̀ Mísì. Ó gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n wà ní Ọlọ́runṣògo n'Ìbàdàn, ń bọ̀ nígbà iṣu tuntun," ó ní. "Bàbá mi sọ pé bí mi ò bá tíì lè kàwé nígbà yẹn, kí n kúkú tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìbàdàn, kí n máa bá wọn tajà. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wo ọmọ tó ń jókòó sílé ìwé lásán nígbà tí oko ń pè."

"Ṣé o máa lọ?"

"Mísì ní kí n má tíì sunkún."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. N kò lè ro bí Ìrókò ṣe máa rí bí Àṣàkẹ́ kò bá sí níbẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe ru omi mi délé, ohun tó ń dún lágbárí mi ni pé Mísì ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí èmi tó mọ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Mísì tún gbé àga méjì rẹ̀ jáde. Ó ní kò sí ẹni tó fi igi kankan ṣe ilé. Òun fẹ́ tún gbọ́ ìwé kíkà wa, kí òun lè mọ ẹni tó yẹ kó ṣí kúrò. Àṣàkẹ́ wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti ní kó lọ sábẹ́ máńgòrò. Èmi náà ti múra sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń gba èèyàn sókè, mo rò ó pé ó yẹ kí wọ́n lè gba èèyàn sísàlẹ̀.

Mo jókòó níwájú Mísì. Mo ka ọmọ, mo pè é ní omi. Mo ka ilé, mo pè é ní ilẹ̀. Mo pe bàbá ní bàtà. Mo ń fi ìdí ojú wò ó bóyá àánú mi ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó kàn ń sàmì ni. Mo wá dé ibi tí ìtàn wà, mo rí "àwọn ìjòyè ìlú péjọ sí ààfin", ẹnu mi sì gbàgbé ohun tí èmi àti rẹ̀ jọ pète. Mo kà á láti orí dé ìdí láìkọsẹ̀ níbì kan.

Mísì gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo àmì tó ti kọ lókè, ó wo èyí tó wà nísàlẹ̀.

"Ẹni tí kò lè pe ọmọ, báwo ló ṣe pe ìjòyè?"

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìtàn tó wà nísàlẹ̀ páálí náà.

"Kí lo fẹ́ gan-an?"

"Mo fẹ́ jókòó lábẹ́ igi, mà."

"Nítorí àgbálùmọ̀?"

"Nítorí yín, mà."

Mo rò pé yóò lé mi wọlé. Ó wá mú ìwé kan látinú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó ní kí n ka ìtàn kan níbẹ̀. Ìtàn obìnrin àgbẹ̀ kan ni, tó ru àgbàdo lọ sí ọjà, tó sì tún rù ú padà wálé láìtà. Mo kà á bí mo ṣe ń kà á fún àwọn àlejò bàbá mi.

"Kí ló dé tí kò fi tà á?" Mísì béèrè.

Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo tiẹ̀ yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún béèrè. Mo ní bóyá òjò ló pa á.

"Òjò kò sí nínú rẹ̀," Mísì wí. Ó rọra ka ojú ìwé náà fún mi. Obìnrin náà gbọ́ lọ́jà pé eṣú ti jẹ oko àwọn ará abúlé rẹ̀, ó sì gbé àgbàdo rẹ̀ padà kí wọ́n lè rí irúgbìn gbìn. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ ketekete. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnu mi ti gba orí rẹ̀ kọjá. "Ẹnu rẹ ń kàwé, etí rẹ ni kò sí níbẹ̀. Ìwọ náà ní ẹrù, èmi ni mi ò tètè rí i."

Kò sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Mo fẹ́ sunkún, inú mi sì tún ń dùn lábẹ́nú, nítorí pé ó ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi kó tó sọ ọ́.

Báyìí ni mo ṣe rí igi tèmi. Ọ̀pẹ kan ṣoṣo ló kù nínú ọgbà ilé ìwé náà, ìbòòji rẹ̀ kò sì ju ti agboorùn lọ. Ibẹ̀ ni Mísì kó àwa tí à ń sáré kàwé láìgbọ́ sí. À ń ṣí láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún bí oòrùn ṣe ń lé wa. Ìlà díẹ̀ la ó kà, ó ní kí á dé ìwé, kí á sọ ohun tí a gbọ́. Ó le fún mi ju ìṣirò lọ. Mo kọ́ bí a ti ń dúró. Mo kọ́ bí a ti ń bi ìwé léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń gbádùn rẹ̀ báyìí, Mísì á dìde, á lọ sábẹ́ máńgòrò.

Ó yá, kò nílò kó lọ síbẹ̀ mọ́ nítorí Àṣàkẹ́, nítorí Àṣàkẹ́ kò pẹ́ lábẹ́ máńgòrò, kò sì pẹ́ lábẹ́ ọsàn. Kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa, òun náà ti dé ìdí ọ̀pẹ pẹ̀lú àwa tí à ń ka ìtàn. Ó ń kàwé bí ẹni tó ń gba orí igi sọdá odò, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí yóò tẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá kà ló ń gbọ́. Ní ọjọ́ tó ka ìtàn obìnrin alágbàdo yẹn, kò dúró kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè.

"Mísì, obìnrin yìí ní ọmọ. Kí ni àwọn ọmọ tirẹ̀ jẹ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Mísì kàn ń wò ó. Mo ti rí ojú oríṣiríṣi láyé mi. Bàbá mi wò mí tìfẹ́tìfẹ́, ọkọ mi náà wò mí bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò tíì wò mí rí bí Mísì ṣe wo Àṣàkẹ́ lábẹ́ ọ̀pẹ lọ́jọ́ yẹn.

Iṣu tuntun dé. Ọjọ́ ìparí ọdún ilé ìwé náà dé. Wọ́n to bẹ́ńṣì síwájú ilé ìwé, àwọn òbí sì wá. Bàbá mi wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó níwájú. Bàbá Àṣàkẹ́ ti oko wá tààrà, wọ́n dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn láti Ọlọ́runṣògo, tí báàgì wà léjìká wọn bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè. Lọ́dọọdún, èmi ni mo máa ń kàwé fún àwọn òbí. Mo ti fi irin eléèédú lọ aṣọ mi. Ọ̀gá àgbà dìde láti pè mí, Mísì sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí wọn létí. Ọ̀gá àgbà yíjú sí àwọn òbí, wọ́n pe Àṣàkẹ́.

Ó jáde wá láìwọ bàtà. Ó ṣí ìwé, ó kà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dópin. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n há a sí i lórí ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mísì kò bínú. Ó ní kí Àṣàkẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Ó wá bá bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ ohunkóhun tó bá wù wọ́n sí òun létí, ohun tí ọmọ náà kò gbọ́ rí. Bàbá Àṣàkẹ́ ronú díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́. Mísì kọ ọ́ sí pátákó tí wọ́n gbé síta, ó pe Àṣàkẹ́ padà.

Àṣàkẹ́ wo pátákó náà pẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá kà á: "Ewúrẹ́ wa bí ìbejì ní òwúrọ̀ yìí." Ojú rẹ̀ là. Ó yíjú kúrò lára pátákó, ó ń wá ojú bàbá rẹ̀ láàárín èrò.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni? Èwo nínú àwọn ewúrẹ́ wa ló bímọ?"

"Èyí dúdú ni," bàbá rẹ̀ dáhùn, ohùn wọn sì yí padà. Wọ́n wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu lẹ máa gbé lọ."

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo wo bàbá mi. Wọ́n ti yọ áńkáṣíìfù, wọ́n ń nu ojú. Mo ti ka odindi ìwé Orin Dáfídì fún bàbá mi, omi kò bọ́ lójú wọn rí. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù. Inú mi dùn pé Àṣàkẹ́ kò lọ mọ́. Inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Ẹ má béèrè bí méjèèjì ṣe gba inú ọmọ kékeré. Ó gbà á. N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo gbé Bíbélì, tí mo kà á tán, bàbá mi kò sọ pé ó dára bí wọ́n ti máa ń sọ. Wọ́n ní, "Kí lo gbọ́ nínú rẹ̀?" Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, wọn kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn lórí ìwé ju ìyẹn lọ.

Wọ́n gbé Mísì lọ sí ibòmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Èmi lọ kọ́ títẹ̀wé, mo di akọ̀wé ọ́fíìsì, mo tẹ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àṣàkẹ́ di olùkọ́. Àwọn abúlé oko ní Lágelú ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé àwọn lọ. Bó bá wá kí mi, eruku pupa á bo bàtà rẹ̀, kò sì ní tíì mu omi tán tí á ti bẹ̀rẹ̀: "Mo ní ọmọ kan tó mọ gbogbo lẹ́tà, kò lè so ó pọ̀. Mo ní òmíràn tó ń méfò nítorí pé ojú ń dùn ún." Mo ní àga tìmùtìmù, mo ní fáànù, mo ní owó ìfẹ̀yìntì. Èmi yìí náà ni mo ń jókòó síbẹ̀, tí mo ń jowú obìnrin eléruku.

Àìsàn kan ló mú un lọ. A sin ín sí abúlé bàbá rẹ̀, ní ọ̀sán. Mo jókòó sábẹ́ àtíbàbà láàárín àwọn tí mi ò mọ̀: nọ́ọ̀sì kan, ọlọ́kadà mélòó kan, mẹkáníìkì kan tí epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn mọra yà mí lẹ́nu. Wọn kò béèrè orúkọ. "Níbo ló ti bá ọ?" ni wọ́n ń béèrè. Ẹnì kan á ní lẹ́tà ló bá òun. Ẹlòmíràn á ní òun ti ń ka ọ̀rọ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mẹkáníìkì náà ní òun ń kàwé geere nígbà náà, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ohun tí òun ń kà. Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì? Níbo ni wọ́n ti bá yín?"

"Èmi ti wà níbẹ̀ kó tó dé," mo wí. Wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì padà sínú ọ̀rọ̀ wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń jowú gbogbo wọn, nítorí pé Àṣàkẹ́ ti fara balẹ̀ gbọ́ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí Mísì ti fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Ilé ti bo ibi tí oko ẹ̀gẹ́ wà. Wọ́n ti gé àwọn igi inú ọgbà ilé ìwé wa, wọ́n fi páànù kọ́lé síbẹ̀. Fóònù ni àwọn olùkọ́ ẹ̀yìn ilé mi fi ń kọ ibi tí wọ́n bá bá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló yanu lásán nínú igbe wa tí Mísì kankan kò dé bá, ọ̀pọ̀ sì ń yanu títí di òní níbi tí olùkọ́ kan ń kọ́ ọmọ tó kún ilé. Ohun tí kò yí padà ni pé kò sí ọmọ tí kò fẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti òun, kó sì gbọ́ ti òun nìkan, ìbáà ṣe ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan tàbí ẹni tí gbogbo ilé ń yìn.

Owú náà kò sì tíì tán. Ọmọ mi obìnrin ní kí n gbàdúrà sí i, nítorí pé kò dára kí arúgbó máa jowú òkú. N kò gbàdúrà kankan. Ẹni tó ti lọ pátápátá, a kì í jowú rẹ̀. À ń rántí rẹ̀ ni, a sì ń kẹ́dùn. Èmi kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn Àṣàkẹ́.